Ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní Àbújá: ṣé káàdì ẹgbẹ́ òṣèlú la ó fi máa wọlé ni?

Àbẹ̀kẹ́ Kubwa

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá kan níbí ní Kubwa. Mi ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà. Níbi ìpàdé wa tó kọjá, bí a ṣe ń parí ọ̀rọ̀ owó ìrànwọ́ ìsìnkú, ọkùnrin kan dìde. Ó ní ọmọ Yorùbá ló wà ní Aso Rock, nítorí náà ẹni tí kò bá ní dìbò fún "tiwa" ní 2027, kí á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú WhatsApp ẹgbẹ́. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Ìyá kan wà láàárín wa tó ń ta ẹja gbígbẹ lọ́jà, ó ti wà nínú ẹgbẹ́ kí ọ̀pọ̀ wa tó dé Àbújá. Ọmọ Anambra ni ọkọ rẹ̀. Ìyá béèrè pé, "Ṣé èmi náà wà níbẹ̀?" Ọkùnrin yẹn fèsì pé, "Màmá, ẹ kúkú mọ ibi tí ẹ wà." Ìyá gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Alága ní kí á bọ́ sí ọ̀rọ̀ tó kàn.

Ìyá yìí ló ń gbé oúnjẹ lọ fún àwọn aláìsàn wa nílé ìwòsàn. Òun ló ń wẹ ọmọ tuntun fún àwọn ìyàwó tí ìyá wọn kò rí owó ọkọ̀ wá láti ilé. Ìbò tí à ń dì lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mẹ́rin ló wá fẹ́ pa gbogbo ìyẹn rẹ́.

Ẹgbẹ́ òṣèlú tó bá wu oníkálukú ni kó ṣe. Ohun tí mo ń béèrè ni pé báwo ni ìbò ṣe di ohun tí a fi ń mọ ẹni tó jẹ́ ènìyàn wa? Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ ní Kádúná, ní Jos, ní Kánò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ohun tí ojú yín ti rí.

Jagun Gwarinpa

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́. Ohun tí wọ́n ṣe sí ìyá yẹn kò dára, mo kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ ní kọ̀rọ̀. Ní 2023, níbi iṣẹ́ mi ní Àbújá níbí, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bú Yorùbá lójú mi. Kì í ṣe Tinubu nìkan ni wọ́n ń bú. Èdè wa ni, oúnjẹ wa ni, ilà ojú àwọn bàbá wa ni. Lọ́jọ́ tí INEC kéde èsì, 1 oṣù Kẹta, ẹni tí a jọ ń jẹun ọ̀sán kò dá mi lóhùn nígbà tí mo kí i. Mi ò sì sọ ẹni tí mo dìbò fún fún un rí.

Ẹ wo Anambra: Obi gba 584,621, Tinubu gba 5,111. Wọ́n ní ìfẹ́ ìyípadà ni. Tí àwa bá wá ṣe bẹ́ẹ̀, ó di ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ẹni tí ayé ti fi ẹ̀yà rẹ̀ dá mọ̀, ẹ fẹ́ kó máa ṣe bí ẹni tí kò ní ẹ̀yà? Ààbò ni mò ń wá, mi ò wá ìjà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ọmọ Ìsánlú

Ẹ̀gbọ́n Jagun, mo gbọ́ yín, ó sì dùn mí pé wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí yín. Àmọ́ ta ni àgbájọ ọwọ́ yìí kà mọ́ra? Èmi ọmọ Òkun láti Kogi ń kọ́? Nígbà tí ìbò bá dé, wọ́n á ní Yorùbá ni wá. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bá ń pín ipò, àárín gbùngbùn Àríwá ni wọ́n kọ wá sí. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Kogi sílẹ̀ ní 1991, a kò tíì rí ọmọ Òkun kan tí wọ́n dìbò yàn sí ipò gómìnà. Olafemi tó jókòó síbẹ̀ ní 2008, adelé ni.

Ní oṣù Kọkànlá 2023, àwọn ọmọ Òkun jáde, lára wọn ni Dino Melaye lábẹ́ PDP àti Leke Abejide lábẹ́ ADC. Ododo tó jẹ́ Ẹ̀bìrà ló wọlé lábẹ́ APC. Nílé tiwa, bàbá mi ń ṣe ti Dino, ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe ti Abejide, ìyàwó rẹ̀ ń ṣe APC. Wọ́n jiyàn títí ohùn fi há. Kò sí ẹni tó pe ẹnì kejì ní ọmọ àlè, nítorí kò sí ẹni tó rò pé ìbò ló bí òun.

Olùkọ́ Zaria

Jagun, iye tí ẹ kọ nípa Anambra tọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí á fi ìyókù kún un. Ní Ọ̀ṣun, Atiku gba 354,366, Tinubu gba 343,945. Ní Èkó tí Tinubu ti ṣe gómìnà fún ọdún mẹ́jọ, Obi ló borí, 582,454 sí 572,606. Ìpínlẹ̀ 12 ni Tinubu mú. Ẹ kà wọ́n: Ọ̀yọ́, Ògùn, Oǹdó, Èkìtì àti Rivers ní Gúúsù, Borno, Jigawa, Zamfara, Niger, Benue, Kwara àti Kogi ní Àríwá. Méje nínú 12 wà ní Àríwá. Ẹni tó bá ní Yorùbá ló dá gbé ọmọ Yorùbá dé ibẹ̀, kò wo èsì ìbò náà.

Ohun kan wà tí mo máa ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Henri Tajfel, Júù kan tí wọ́n bí ní Poland, tí àwọn Násì pa àwọn ẹbí rẹ̀, wá di olùkọ́ ní yunifásítì Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ó kó àwọn ọmọkùnrin ilé ẹ̀kọ́ jọ, àwọn ọmọ ọdún 14 sí 15. Ó fi àwòrán hàn wọ́n, iṣẹ́ Klee àti ti Kandinsky, ó ní èyí tí oníkálukú bá fẹ́ràn ni òun yóò fi pín wọn sí ẹgbẹ́ méjì. Irọ́ ni, ó kàn pín wọn bó ṣe bá a ni. Àwọn ọmọ náà kò mọ ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n wá ní kí wọ́n pín owó fún àwọn yòókù, kò sì sí èyí tí yóò dé ọwọ́ ẹni tó ń pín in.

Ẹgbẹ́ tiwọn ni wọ́n ń fún ní púpọ̀. Ìyẹn kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Èyí tó bà mí lẹ́rù ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà kí ẹgbẹ́ tiwọn gba owó tó kéré sí èyí tí wọn ì bá gbà, níwọ̀n ìgbà tí ti àwọn kejì bá ti kéré sí i. Ká jọ pàdánù, kí àdánù ti wọn ṣáà ju tiwa lọ. Kò sí ẹ̀yà níbẹ̀, kò sí ẹ̀sìn, kò sí ìjà àná. Orúkọ lásán ni.

Ìdòwú Nyanya

Ẹ kú iṣẹ́, Olùkọ́. Èmi dìbò fún Labour, mi ò sì tijú rẹ̀. Ní Àbújá níbí, Obi gba 281,717, Tinubu gba 90,902. Ṣé Ìgbò ni gbogbo wa? Ìrètí Kingibe tó wọlé sẹ́nétọ̀ fún wa lábẹ́ Labour, ẹ ṣáà gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ó borí Philip Aduda, ọmọ Gbagyi, onílẹ̀ tó ti wà lórí àga náà láti 2011.

Ọ̀dọ̀ méjèèjì ni wọ́n ti lù mí. Àwọn ẹbí mi ní Ìjẹ̀bú kọ̀wé pé ọmọ àlè ni mí. Bẹ́ẹ̀ ni nínú ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn tí a jọ ṣe ìpolongo, lálẹ́ ọjọ́ tí èsì jáde, ẹnì kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé Yorùbá kò ṣeé fọkàn tán. Mo wà níbẹ̀, wọ́n mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Àwọn tí a jọ jókòó ti àpótí ìbò títí ilẹ̀ fi ṣú! Kò sí ẹni tó ní kó pa á rẹ́.

Nítorí náà Ẹ̀gbọ́n Jagun, mo mọ ìbànújẹ́ yín. Ṣùgbọ́n àwọn tó bú yín níbi iṣẹ́ kọ́ ni ìyá ẹlẹ́ja náà.

Alábòójútó

Mo ti yọ èsì méjì kúrò níbí. Ẹni tó bá fẹ́ bú ẹ̀yà ẹlòmíràn, kó wá ibòmíràn lọ. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Alhaja Tudun Wada

Ẹ̀yin ọmọ mi, Kádúná ni wọ́n bí mi sí. Ní oṣù Kejì 2000, nígbà tí ọ̀rọ̀ Ṣàríà dá ìjà sílẹ̀, àdúgbò tí à ń gbé kì í ṣe ti Mùsùlùmí, kì í ṣe ti Kìrìsìtẹ́nì. Lẹ́yìn ìjà náà, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ta ilé. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì sọdá lọ sí gúúsù, sí Barnawa, sí Sabon Tasha. Àwọn Mùsùlùmí kó wá sí apá àríwá. Odò Kádúná wá di ààlà. Àwa Yorùbá ni ọ̀rọ̀ náà há jù. Mùsùlùmí ni mí, Kìrìsìtẹ́nì ni àbúrò mi ọkùnrin, ìyá kan ló bí wa, ọmú kan náà la mu. Apá wo ni kí ìyá wa máa gbé? Ọ̀dọ̀ mi ló wà títí ó fi kú, àbúrò mi kò sì lè wá sùn nílé lọ́jọ́ tí ó kú, nítorí ilẹ̀ ti ṣú.

Ẹ tún gbọ́. Ní oṣù Kẹrin 2011, lẹ́yìn tí Jonathan borí Buhari, Human Rights Watch kọ ọ́ pé ó lé ní 800 ènìyàn tó kú ní ìpínlẹ̀ 12 láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ní Bauchi, wọ́n pa àwọn àgùnbánirọ̀ tó ń bá INEC ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ tí òbí wọn rán lọ sin ilẹ̀ baba wọn. CPC ni ẹgbẹ́ Buhari nígbà yẹn. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí CPC? Ní 2013 ó darapọ̀ mọ́ ACN àti àwọn mìíràn, ó di APC. Ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọ ọlọ́mọ torí rẹ̀ kú kò pé ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn tí kò fi sí mọ́.

Ìjà kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí iná bá sọ. Ọjọ́ tí ènìyàn bá ti ń ka ojúlé kọ̀ọ̀kan, "ìyẹn tiwọn, ìyẹn tiwa", ọjọ́ náà ló bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe nínú ìpàdé yín, kíkà ni.

Àṣàkẹ́ Lugbe

Alhaja, Ọlọ́run á fọ̀run kẹ́ màmá. Mo ń sunkún bí mo ṣe ń kà á.

Bàbá Sabon Gari

Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí. Kánò ni mo dàgbà sí. Ọmọdé ni mí ní 1953. Ní oṣù Kẹta ọdún náà, Enahoro dá àbá nílé ìgbìmọ̀ ní Èkó pé kí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1956. Àwọn aṣojú Àríwá kò fẹ́, àwọn ará Èkó sì hó lé wọn lórí. Ní oṣù Karùn-ún, ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ (Action Group) rán Akíntọ́lá àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wá ṣe ìpàdé ní Kánò. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Sabon Gari, ó gba ọjọ́ mẹ́rin. Àkọsílẹ̀ ìjọba ní ènìyàn 36 ló kú. Ẹgbẹ́ àwọn Yorùbá ló fẹ́ ṣe ìpàdé, Haúsá àti Ìgbò ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kú. Nígbà tí inú àwùjọ bá ti ru, kò sí ẹni tó ń béèrè ẹgbẹ́ tí o wà.

Mo sì tún rí 12 oṣù Kẹfà 1993. Mùsùlùmí ni Abíọ́lá, Mùsùlùmí ni igbákejì rẹ̀, Babagana Kingibe. Tofa tó bá a díje, ọmọ Kánò ni, ọmọ ilé. Àwọn ará Kánò dìbò fún Abíọ́lá. Benue àti Plateau tí Kìrìsìtẹ́nì pọ̀ sí dìbò fún un. Jagun, Anambra tí ẹ dárúkọ yìí, Abíọ́lá ló wọlé níbẹ̀ náà. Àwọn tó dìbò nígbà yẹn ló bí àwọn tó dìbò ní 2023. Ẹ̀jẹ̀ kọ́ ló yí padà.

Ẹni tó sì rò pé tí Yorùbá bá wà lójú kan ṣoṣo, àlàáfíà dé, kó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà ní Ìbàdàn ní 1965. Kì í ṣe ìjà Haúsá, kì í ṣe ìjà Ìgbò. Ẹgbẹ́ Dẹ́mọ̀ (NNDP) àti ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ni. Yorùbá ló ń da bẹntiróòlù lé Yorùbá lórí. Wẹ́tìẹ̀ ni wọ́n ń pè é.

Jagun Gwarinpa

Bàbá, ẹ ṣé. Mo dọ̀bálẹ̀. Mi ò mọ ti Anambra 1993, inú mi sì dùn pé mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n 1993 ti lọ. Ìlú tí a wà báyìí ni mo ń bá yín sọ. Tí gbogbo àwọn yòókù bá ń fi ẹ̀yà dìbò, tí àwa nìkan wá ń wo ìwà olùdíje, àwa ni wọ́n máa rẹ́ jẹ. Olùkọ́, kí ni ìwádìí Bristol yín sọ sí ìyẹn?

Olùkọ́ Zaria

Ìbéèrè gidi ni. Mi ò ní kí ẹ má ní ẹ̀yà. Yorùbá ni mí, mo ń fi í yangàn ní Zaria níbí. Ohun tí mo ń sọ ni ohun tí ẹgbẹ́ máa ń ṣe sí ojú wa. Ẹ jẹ́ kí n fi epo bẹntiróòlù ṣe àpẹẹrẹ.

Ní 1 oṣù Kìíní 2012, Jonathan yọ owó ìrànwọ́ orí epo, epo kúrò ní ₦65, ó di ₦141. Àwọn ènìyàn wa kún Ọjọ́ọ̀ta ní Èkó fọ́fọ́, wọ́n ní ìwà ìkà ni. Ní 29 oṣù Karùn-ún 2023, Tinubu yọ ọ́. Epo tí kò tó ₦200 di ₦537 ní Àbújá níbí láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà ní Ọjọ́ọ̀ta wá ń ṣàlàyé fún wa pé kò sí ọ̀nà mìíràn. Ẹ yíjú sí òdìkejì: Obi àti Atiku náà sọ nígbà ìpolongo pé àwọn yóò yọ ọ́. Àwọn alátìlẹ́yìn wọn tó pàtẹ́wọ́ fún un nígbà yẹn ń pè é ní ìwà ìkà báyìí. Ohun kan náà ni, owó kan náà ni. Ẹni tó ṣe é nìkan ló yí padà, ìdájọ́ wa sì yí tẹ̀lé e.

Èyí ni ẹ̀rù mi, Jagun. Ènìyàn lè wà ní 2012 kó tọ̀nà, ó lè wà ní 2023 kó tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ́ pé orúkọ ẹni tó wà lórí àga ló ń sọ fún un bóyá ebi ń pa á, kò ní lè bi olórí rẹ̀ ní ohunkóhun. Olórí náà sì mọ̀. Kò ní láti ṣe nǹkan kan fún un mọ́, ìbò rẹ̀ ti wà lápò.

Àwọn olórí gan-an kì í so ara wọn mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Okowa tó jẹ́ igbákejì Atiku nínú ìdìbò 2023, ní oṣù Kẹrin 2025 ó wọ APC. El-Rufai àti Arẹ́gbẹ́ṣọlá tí wọ́n jẹ́ APC rí, ní oṣù Keje 2025 wọ́n bá Atiku jókòó nínú ADC. Mi ò bá wọn wí pé wọ́n yí padà. Kí ló dé tí àwa tí a kò rí nǹkan kan gbà ṣe wá ń yọ ara wa kúrò nínú ẹgbẹ́ ìsìnkú nítorí wọn?

Ọmọ Ìsánlú

Mo fẹ́ fi kan kún un. Ẹ̀yin ará Kubwa, ta ni káńsẹ́lọ̀ yín? Àbújá kò ní gómìnà. Ààrẹ ló ń yan mínísítà. Ẹni tí a lè fi ìbò wa yàn nítòsí ni alága àti káńsẹ́lọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà: AMAC, Bwari, Gwagwalada, Kuje, Kwali, Abaji. Ọ̀rọ̀ ọjà yín, ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yín, ọwọ́ wọn ló wà. Àwọn ènìyàn tí kò mọ orúkọ alága Bwari ń ya ara wọn nítorí ẹni tó wà ní Aso Rock. Ìpàdé tó bá pe alága ìbílẹ̀ wá kó wá sọ ohun tó fi owó ọjà ṣe, Yorùbá, Ìgbò, Gbagyi, gbogbo wọn ni yóò jókòó síbẹ̀, nítorí àgbàrá kan náà ló ń wọ ṣọ́ọ̀bù wọn.

Àbẹ̀kẹ́ Kubwa

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Mo ti lọ kí ìyá nílé. Wọ́n ní àwọn kò bínú sí èmi, ṣùgbọ́n àwọn kò ní padà wá tí ẹni tó lé àwọn kò bá bẹ àwọn lójú gbogbo ènìyàn. Mo rò pé òótọ́ ni wọ́n sọ, mo sì ti sọ fún alága bẹ́ẹ̀.

Nǹkan tó ṣòro fún mi ni gbọ̀ngàn wa. Olóṣèlú kan ló fún wa ní àwọn àga àti jẹnẹrétọ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ni ilé.

Ọmọ Ọ̀fà Lugbe

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa rí. Olóṣèlú kó ìrẹsì wá, àwọn àgbà fi fọ́tò rẹ̀ sára pátákó ọdún ẹgbẹ́. Àwọn tó wà ní ẹgbẹ́ kejì kò janpata, wọn ò kàn san owó oṣù mọ́. Nígbà tí ọmọ ẹgbẹ́ kan kú, owó ìsìnkú kò pé láti gbé òkú dé Ọ̀fà. Ìgbà yẹn la tó jókòó. A pinnu pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ aṣọ ẹgbẹ́ òṣèlú wá sí ìpàdé. Ẹni tó bá fẹ́ ta wá lọ́rẹ, kó ta á láìfi orúkọ sí i, a ó sì kọ ọ́ sínú ìwé owó. A ya owó ìsìnkú sọ́tọ̀ ní báńkì, àwọn mẹ́ta ló ń fọwọ́ sí i, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì sí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà.

Jagun Gwarinpa

Mo fara mọ́ ti owó ìsìnkú yẹn. Ti aṣọ, mi ò fara mọ́ ọn. Ẹ̀tọ́ mi ni láti wọ ohun tó wù mí. Ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ ń kọ́? Ṣé kí wọ́n dá a padà ni?

Alhaja Tudun Wada

Kí wọ́n dá a padà.

Ọmọ Ọ̀fà Lugbe

Alhaja, àwa kò dá tiwa padà. A dá owó jọ, a san iye rẹ̀ fún un, a gba rìsíìtì. Ó bínú fún ìgbà díẹ̀. Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, tí ẹ bá fẹ́, mo lè fi ẹ̀dà òfin ẹgbẹ́ wa ránṣẹ́ sí yín kí ìpàdé yín tó dé.

Àbẹ̀kẹ́ Kubwa

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́. Ọjọ́ Àìkú ni ìpàdé. Jagun, Gwarinpa kò jìnnà sí wa. Ẹ wá sọ èrò yín lórí ọ̀rọ̀ aṣọ náà níbẹ̀, màá fi yín sínú àwọn tó máa sọ̀rọ̀.